“Ọ̀kún o” Nínú Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Kàbbà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sínú àròkọ pé nígbà tí ìyá òun dé ọjà, ó kí àwọn èèyàn pé “Ọ̀kún o”. Ó tún kọ “They are calling you” nípa ẹnì kan ṣoṣo. Mo fi bírò pupa fa méjèèjì rẹ́. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ dá “Ọ̀kún o” padà, olùkọ́ wa. Ìkíni tó pa Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn ẹ̀yà Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kogi, pọ̀ ni; bí ẹ bá fi “Good morning” rọ́pò rẹ̀, ẹ ti sọ ìyá yẹn di àlejò lọ́jà ara rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni “They are calling you”, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń peni. “Wọ́n ń pè ọ́” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ló bí i, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1974 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìwé kíkọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti fẹnu kò pé akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí ẹ tó wá fi èyí tí WAEC ń béèrè hàn án.