Bí o bá máa sáré nínú òjò àti òtútù, má wá aṣọ tí omi ò ní wọ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ń múra eré ìje kìlómítà 21, pé inú òtútù àti òjò ni ìmúrasílẹ̀ rẹ bọ́ sí, pé o ti ra jákẹ́ẹ̀tì méjì, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí o bá dé láti orí eré ni aṣọ rẹ máa ń rin gbingbin, tí ara rẹ á sì máa gbọ̀n. O wá ń bèèrè pé jákẹ́ẹ̀tì wo gan-an ni òjò kì í wọ̀, àti pé ṣé kí o ra bàtà tí omi ò lè wọnú ẹ̀. Níwọ̀n bí o ti pe àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo ti wá a. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a, iye tí mo ná sí i, mi ò lè sọ ọ́ sétí ìyàwó mi.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tó bá sáré ju wákàtí kan lọ nínú òjò gidi, aṣọ ẹ̀ á rin. Bí omi òjò ò bá ráyè wọlé, òógùn á ti inú jáde wá ṣe iṣẹ́ kan náà. Gbà bẹ́ẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ owó ni wàá fi pamọ́. Aṣọ tó yẹ kí o máa wá ni èyí tó ṣì ń mú ara móoru lẹ́yìn tó bá ti rin tán.

Bí mo ṣe mọ̀ rèé. Lọ́jọ́ kan mo jáde fún kìlómítà 18. Ó tó 6°C, ojú ọjọ́ ṣú ṣùgbọ́n òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo wọ síngílẹ́ẹ̀tì òwú, mo wọ ẹ̀wù òwú onífìlà tó nípọn lé e, mo wá wọ ṣòkòtò òwú gbọọrọ nísàlẹ̀. Ara mi móoru débi pé mo ń fi àwọn tí mo bá pàdé pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ́rìn-ín nínú. Ní kìlómítà keje, òjò dé. Nígbà tí yóò fi di kìlómítà kejìlá, ṣòkòtò yẹn ti wúwo bí ẹni pọn ọmọ, ó ń fà sísàlẹ̀, ọwọ́ kan ni mo fi dì í mú tí mo fi ń sáré. Mo wá ṣe àṣìṣe tó burú jù: mo yà sábẹ́ òrùlé kan pé kí òjò dá díẹ̀. Eré tí ẹsẹ̀ ń sá ni iná tó ń mú ara gbóná. Bí mo ṣe dúró ni iná kú, aṣọ tútù sì ṣì wà lára mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ń gbọ̀n bí ewé. Rírìn ni mo rìn délé, iṣan ẹsẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́. Mo rí kọ́kọ́rọ́, mo rí ihò rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi ò dá mi lóhùn. Ọmọ aládùúgbò tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ló bá mi ṣí i. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló lé yín jáde nínú òjò yìí?" Mi ò rí èsì fún un.

Omi máa ń gbé ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e. Aṣọ tó ń mú wa móoru, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bí omi bá ti gba àyè afẹ́fẹ́ yẹn, aṣọ náà ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ òtútù nìyẹn. Òwú sì fẹ́ràn omi: ó ń mu ún, kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Polyester, ìyẹn fọ́nrán àtọwọ́dá tó jọ ike, kì í mu omi tó ìdá kan nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Àárín fọ́nrán ni omi ń gbà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gbẹ. Irun àgùntàn ní tirẹ̀ lè fa omi tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ sínú kí awọ ara tó mọ̀ pé ó tutù, tó bá sì rin pàápàá, kì í fi ara rẹ sílẹ̀ pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀wù tó kan ara ni kí o kọ́kọ́ náwó sí. Kó lẹ̀ mọ́ ara, kó má nípọn, kó ní ọwọ́ gígùn, kó máà ní òwú kankan nínú. Yẹ àmì inú ọrùn rẹ̀ wò kí o tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń pè ní aṣọ eré ni òwú kún inú rẹ̀. Èmi, bó bá ti lọ sísàlẹ̀ 5°C, irun àgùntàn merino fẹ́lẹ́ ni mo ń wọ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, polyester. Merino kì í tètè rùn, o lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó fọ̀ ọ́ (má sọ fún ẹnikẹ́ni), ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ, kòkòrò aṣọ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì.

Ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì wá kù. Èyí tí mo fi owó ńlá rà lẹ́yìn ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn, wọ́n kọ 10,000 mm sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi gbọ́dọ̀ ga tó mítà 10 lórí aṣọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọlé. Inú mi dùn. Mo wọ ẹ̀wù nínípọn sábẹ́ ẹ̀, mo fa síìpù dé àgbọ̀n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 mo tú u, omi ń kán láti inú ọwọ́ ẹ̀wù. Òjò kọ́ ló ṣe é, èmi fúnra mi ni. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní awọ fẹ́lẹ́ kan nínú tí omi òjò ò lè gbà kọjá, tí òógùn tó ti di oru sì lè gbà jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ojú ìta aṣọ bá ṣì ń lé omi dànù, tí ẹ̀kán òjò ń yí gbirigbiri lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ìgbà tí ojú ìta bá ti mu omi, oru ò rí ọ̀nà jáde mọ́. Asáré sì ń làágùn ju bí jákẹ́ẹ̀tì kankan ṣe lè tú u jáde lọ, pàápàá tó bá wọ aṣọ tó pọ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Ní báyìí, jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá ni mo ń wọ̀ lọ́jọ́ tó pọ̀ jù. Òjò winniwinni ò ní rí i gbé ṣe, òjò ńlá á wọ̀ ọ́, kò burú. Atẹ́gùn ni mo ń sá fún. Bó bá jẹ́ 0°C, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, bíi -6°C ló máa rí lára rẹ, ìyẹn lórí awọ ara gbígbẹ o. Èyí tí òjò ò lè wọ̀ yẹn, mo máa ń mú un jáde bí òjò bá le, tí eré náà sì gùn, tàbí bí mo bá ń lọ síbi tí mi ò ti lè tètè rí ilé wọ̀. Wò ó bóyá wọ́n lẹ ojú rírán rẹ̀ pa látinú, bóyá síìpù wà lábẹ́ abíyá, bóyá fìlà rẹ̀ ṣeé fún mọ́ orí. Má fi omi amáṣọrọ̀ tó ń ta sánsán fọ̀ ọ́, ojú ìta rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ooru díẹ̀ nínú ẹ̀rọ agbáṣọgbẹ, bí àmì ara rẹ̀ bá gbà á láyè, máa ń jí agbára alémi yẹn dìde. Mo ti fẹ́ sọ tèmi nù kí n tó mọ èyí.

Ìwọ̀n aṣọ ńkọ́? Wọṣọ bí ẹni pé ojú ọjọ́ fi 10°C móoru ju bó ṣe wà lọ. Bí òjò àti atẹ́gùn bá pàdé, èmi máa ń dín in kù sí 5°C. Bí ara rẹ bá móoru lẹ́nu ọ̀nà, o ti wọ̀ jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú ọ kẹ́dùn díẹ̀.

Ọwọ́ ni mo fẹ́ kí o fi ọ̀rọ̀ mi lé lórí jù. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń kú, òun náà ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn, tó ń fa síìpù, tó ń tẹ fóònù bí ewu bá dé. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin jọ ń gbé inú yàrá kan móoru ju èyí tó pín ìka níyà lọ. Ọgbọ́n tí mi ò rò pé ó lè ṣiṣẹ́ rèé: wọ ìbọ̀wọ́ irun àgùntàn fẹ́lẹ́, kí o fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò wọ̀ lé e. Ó rí bákan, wọ́n á wò ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ á wà láàyè. Kọ́kọ́rọ́ mi, mo so ó mọ́ okùn títóbi kí n lè fi eyín fà á bó bá dé ojú ẹ̀.

Orí kò ní wàhálà: fìlà fẹ́lẹ́ tó ní ìbòjú níwájú kí òjò má bàa ta sójú, àti ìdè tó bo etí. Ẹsẹ̀ náà, ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ara, tí kò ní òwú. Bí o bá fẹ́ wọ ṣòkòtò kékeré lókè 7 tàbí 8°C, fi fasilíìnì pa orúnkún àti itan, omi á máa yọ̀ kúrò.

Fasilíìnì yẹn, pa á sí abíyá, sáàárín itan, sórí ọmú. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ọkùnrin. Aṣọ tó rin ń ha ara bí iyanrìn. Mo parí eré kan rí pẹ̀lú ìlà ẹ̀jẹ̀ méjì láyà ẹ̀wù funfun, àwọn tó ń ya fọ́tò ò sì fojú fò mí. Ariwo tí mo pa lábẹ́ omi ìwẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Bàtà tí omi ò lè wọ̀, má rà á fún òjò. Ó dára nínú ìrì àti koríko tútù. Nínú òjò gidi, ẹnu bàtà níbi ọrùn ẹsẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, ibi tó sì máa gbà jáde ò sí. Mo fi tèmi gbé omi rìn fún kìlómítà 11, ó ń dún fọ̀ọ̀fọ̀ọ̀. Bàtà lásán tí ojú rẹ̀ ní ihò bí asẹ́ á tutù lóòótọ́, àmọ́ ìgbésẹ̀ mélòó kan á tẹ omi jáde. Fi ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn sínú rẹ̀, ẹyọ kan tó. Tí o bá délé, ki ìwé ìròyìn bọnú bàtà, yí i padà lẹ́ẹ̀mejì, má gbé e sítòsí iná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣí kúrò lára rẹ̀. Ṣọ́ra fún ewé tútù àti ìlà ọ̀dà ojú títì, wọ́n ń yọ̀ ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Nínú òkùnkùn, aṣọ tó ń dán bí iná bá tàn sí i ṣe pàtàkì, pàápàá lọ́rùn ẹsẹ̀, nítorí ohun tó ń mì ni awakọ̀ ń tètè rí.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òtútù yìí ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, nínú eré kìlómítà 100 kan ní ìpínlẹ̀ Gansu ní ilẹ̀ Ṣáínà, òjò dídì, yìnyín àti atẹ́gùn líle ká àwọn asáré mọ́ orí òkè. Nínú àwọn 172 tó bẹ̀rẹ̀, 21 kú. Ọ̀pọ̀ wọn wọ ṣòkòtò kékeré àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́; wọn ò sọ jákẹ́ẹ̀tì atẹ́gùn di dandan. Nínú eré ìje márátọ́ọ̀nù Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, nínú òjò tútù àti atẹ́gùn tó ń dojú kọ wọ́n, ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ asáré ló já sílẹ̀. Des Linden tó gba ipò kìíní lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn rẹ̀ títí dé ìparí. Bí ara rẹ bá ń gbọ̀n tí o kò lè dá a dúró, tí ahọ́n ń wúwo, tí o ń kọsẹ̀ láìrí òkúta, ooru inú ara rẹ lè ti máa lọ sísàlẹ̀ 35°C. Wá ilé wọ̀. Bí ìgbọ̀nrìrì náà bá ṣàdédé dáwọ́ dúró tí òtútù ṣì wà, kì í ṣe pé ara ti le o, ọ̀rọ̀ ti burú sí i nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dojú kọ atẹ́gùn nígbà tí mo bá ń lọ, kó lè wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù. Bí mo bá dé, mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni, mo bọ́ gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀wù gbígbẹ àti ohun gbígbóná ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ eré ìje rẹ, mú ọ̀rá ńlá kan dání, dá ihò fún orí àti apá, wọ̀ ọ́ níbi ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kí o sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọn fèrè.

Ti jákẹ́ẹ̀tì méjì tí o ti rà, má tíì tà wọ́n. Wọ èyí tó fẹ́lẹ́ jù lórí ẹ̀wù polyester kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí, sá kìlómítà mẹ́jọ nítòsí ilé, kí o wá sọ bó ṣe rí fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù òwú onífìlà tí o ní o ń wọ̀ sábẹ́ yẹn, bọ́ ọ sílẹ̀. Tèmi ṣì wà níbí, òun ni mo fi ń nu bàtà.