Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ta Ní Ń Ṣọ́ Àwọn Àgbà Tí Ń Gbá Gọ́ọ̀fù?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo sì ń gbé. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti bá mi gbé díìṣì sórí òrùlé, ìdíje gọ́ọ̀fù àwọn àgbà ni mo máa ń jókòó tì ní alẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa bi mí pé kí ni mo ń wò lára àwọn bàbá tí ń rìn kiri nínú koríko. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé n kò rí rẹfirí tí ń fọn fèrè, n kò sì rí ẹni tí ń jiyàn. Ta ní ń ṣọ́ wọn tí wọn kò fi ń rẹ́ ara wọn jẹ? Kí ló sì dé tí ẹni tó pàdánù a máa ṣí fìlà, tí a sì máa fi ẹ̀rín bọ ẹni tó borí rẹ̀ lọ́wọ́? — Bàbá Olùkọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, a dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín lé yín kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ohun tí ẹ ṣàkíyèsí yẹn gan-an ni ẹ̀mí eré náà. Ọdún 1980 ni wọ́n dá ìdíje àwọn àgbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé ẹni 50 ọdún, wọn kì í sì í fi ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀. Bernhard Langer, ọmọ Jámánì, ti pé ẹni ọdún 67 nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, èyí tó sọ ife tó ti gbà láàárín àwọn àgbà di 47, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà.

Ní ti ẹni tí ń ṣọ́ wọn, àwọn tó mọ òfin wà lórí pápá, a sì lè pè wọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ṣùgbọ́n agbágọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ ni òfin kọ́kọ́ fi ṣe olùṣọ́ ara rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yẹ̀ nípò nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ kàn án nínú igbó, níbi tí ojú ẹnìkan kò tó, òun ni yóò jẹ́wọ́, òun ni yóò sì fi ìyà kún iye tó gbá. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkìtì yóò rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń kó iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí wọn a to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó hàn, tí wọn a sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tó bá mú ọjà a ka òkúta, a fi owó sílẹ̀, a sì máa lọ, kò sí ẹni tí ń yọjú wò ó láti inú igbó. Bí ẹ bá ti lóye ìyẹn, ẹ ti lóye gọ́ọ̀fù.

Káàdì tún wà níbẹ̀. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló ń borí. Ẹni tí a jọ ń gbá a ni ń kọ iye tí a gbá ní ihò kọ̀ọ̀kan, àwa náà ń kọ tirẹ̀, bí ihò 18 bá sì parí, oníkálukú a yẹ káàdì ara rẹ̀ wò, a sì buwọ́ lù ú. Ìdí káàdì yìí ni ọ̀ràn kan ti ṣẹlẹ̀ tí n kò lè gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ni mo ti kà á. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1968, ní ìdíje Masters ní ìlú Augusta ní Amẹ́ríkà, Roberto De Vicenzo, ọmọ orílẹ̀-èdè Ajẹntínà, ń ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 45. Àwọn èrò kọrin ọjọ́ ìbí fún un, ó sì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì péré kó tó wọ ihò àkọ́kọ́. Nígbà tó dé ihò kẹtàdínlógún, ìgbà mẹ́ta ló gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ ló rí i, tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú gbé e jáde. Ṣùgbọ́n Tommy Aaron tí ń kọ káàdì rẹ̀ fi 4 síbẹ̀ dípò 3. De Vicenzo jókòó sídìí tábìlì, ọkàn rẹ̀ wà lára ihò ìkẹyìn tí kò ṣe dáadáa, kò sì yẹ káàdì náà wò fínnífínní kó tó buwọ́ lù ú. Òfin sọ pé bí ẹnìkan bá buwọ́ lu iye tó ju èyí tó gbá lọ, iye náà ni yóò dúró. Báyìí ni 65 ṣe di 66, tí òun àti Bob Goalby, tí iye wọn ì bá dọ́gba, tí wọn ì bá sì jọ tún gbá a lọ́jọ́ kejì, kò fi gbá a mọ́, Goalby ló gba ife.

Èmi gbà pé òfin náà le. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe: kò dá Aaron lẹ́bi, kò bá àwọn adájọ́ fà á, ó ní ìwà òmùgọ̀ òun ni. Ọdún 12 lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje US Senior Open fún àwọn àgbà lọ́dún 1980, De Vicenzo yìí kan náà, ẹni ọdún 57, ló gbà á. Inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ìbéèrè yín kejì, nípa fìlà àti ìbọwọ́: àwọn àgbà wọ̀nyí mọ bí ó ti rí kí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Tom Watson, ọmọ Amẹ́ríkà, jẹ́ ẹni ọdún 59, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí egungun ìbàdí rẹ̀, nígbà tó kù ú díẹ̀ kó gba ìdíje Open ní Turnberry ní Skọ́tílándì lọ́dún 2009. Bọ́ọ̀lù tí kò jìnnà sí ihò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ ló kù kó gbá wọ ihò ìkẹyìn. Kò wọ̀ ọ́, Stewart Cink tó kéré sí i gan-an ló sì borí nínú àfikún eré. Nígbà tí Watson wọlé bá àwọn akọ̀ròyìn, tó rí i pé gbogbo wọn fajú ro, òun ló tún ń pàrọwà fún wọn pé ìsìnkú kọ́ ni wọ́n wá ṣe.

Ti Jack Nicklaus, ọmọ Amẹ́ríkà, ní 1969 kò ṣẹlẹ̀ nígbà àgbà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í yé sọ ọ́. Ní ìdíje Ryder Cup, níbi tí ikọ̀ Amẹ́ríkà ti ń bá ikọ̀ Bìrìtéènì figagbága, ní pápá Royal Birkdale, ó kù kí Tony Jacklin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ọ̀lù tí kò jìnnà sí ihò wọlé, bí kò bá sì wọlé, Amẹ́ríkà ló borí. Nicklaus tẹ̀ba, ó mú àmì tí Jacklin fi sí ipò bọ́ọ̀lù rẹ̀ nílẹ̀, ó ní òun gbà pé ó ti wọlé. Ọ̀mì ni wọ́n ta, 16 sí 16. Sam Snead tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ Amẹ́ríkà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lójú tèmi, Nicklaus ló ṣe ohun tó yẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn àgbà wọ̀nyí tó ti bá Nàìjíríà ṣe pọ̀ rí? — Òǹkàwé yín, Ìjerò-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ó wà. Lee Elder, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí lọ́dún 1934, gba ìdíje Nigerian Open lọ́dún 1971. Ikòyí ní Èkó ni wọ́n ti máa ń ṣe é láyé ìgbà náà, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ló sì wà yí ihò ká, kì í ṣe koríko. Ní ọdún yẹn kan náà, Gary Player, agbágọ́ọ̀fù aláwọ̀ funfun ọmọ South Africa, pè é wá sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, Elder sì ní òun kò ní gbá a àfi bí wọ́n bá gba dúdú àti funfun láyè láti jọ dúró wòran. Lọ́dún 1975 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá gọ́ọ̀fù ní ìdíje Masters, nígbà tó sì pé 50, ó bọ́ sáàárín àwọn àgbà, ó sì borí lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n pè é kí òun, Nicklaus àti Player jọ ṣí ìdíje Masters. Àárẹ̀ ti mú un, okùn ẹ̀rọ tí ń fún un ní atẹ́gùn wà ní imú rẹ̀, kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Ó dìde lórí àga, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè, gbogbo èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Oṣù Kọkànlá ọdún náà ló kú.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo fẹ́ fi ojú ara mi wò ó, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n lé mi. Báwo ni kí n ṣe ṣe? — Bùnmi.

ÌDÁHÙN: Bùnmi, ibi tó sún mọ́ ọ ni pápá gọ́ọ̀fù Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, ìpínlẹ̀ Oǹdó: gba Ìkẹ́rẹ́ dé Àkúrẹ́, kí o tó máa bá Ìlárá lọ. Béèrè ọjọ́ ìdíje kí o tó wọkọ̀. Pa ohùn fóònù rẹ, wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ìdí ọpọ́n ayò ni a ti gba òǹwòran láyè láti máa pe ọ̀ta ní ọ̀ta, kó sì máa pe òpè ní òpè. Níbí, bí ẹnìkan bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù rẹ̀, má rìn, má sọ̀rọ̀, má sì dúró sí ọ̀kánkán ojú rẹ̀. Pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣe dáadáa, ẹni yòówù kó jẹ́. Kíyè sí àwọn tí ń gbé àpò ọ̀pá pẹ̀lú, nítorí ìdí àpò náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ fún ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ń lọ, lọ dúró sí ìdí ihò kejìdínlógún ṣáájú gbogbo èrò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí fìlà.