Ilẹ̀ Bàbá Wa: Ṣé Ká Pín In Ni, Àbí Ká Jọ Dá A?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Éékà 5 ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́ta, ó dà gẹ̀rẹ́ láti etí títì wá sí odò. Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ gbin kòkó, èmi fẹ́ dá oko ẹ̀gẹ́ nítorí gààrí, àbúrò wa ní ká gé e ní pùlọ́ọ̀tì ká tà á. A fẹ́ pín in sí mẹ́ta láti títì dé odò, kí kálukú lè rí títì, kó sì rí omi. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? — Ọmọ Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ó dọ́gba lójú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni yóò jìyà ẹ̀. Ilẹ̀ tó bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn, gígùn rẹ̀ ni ọwọ́ ebè máa ń tẹ̀lé wá sísàlẹ̀. Àgbàrá á gba àárín poro, á gbá ọ̀rá ilẹ̀ yín dà sódò. Ẹ pín in ní ìbú, bí erùpẹ̀ ṣe rí. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá ni kẹ́ ẹ pín sí mẹ́ta.

Ẹ gbẹ́ kòtò mẹ́ta: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Èyí tó bá jìn tó mítà kan ààbọ̀ láìkan yangí tàbí omi, ilẹ̀ kòkó nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá kan yangí ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò pa kòkó ibẹ̀, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò ní ráyè wọlẹ̀. Ibi tómi bá ti ń sun, akùrọ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ á jẹrà síbẹ̀, ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ẹ́. Ẹ má gé igi etí odò.

Ká ní yangí ló wà létí títì: ẹ fi éékà 1 síbẹ̀ sílẹ̀ fún ilé, 2 fún ẹ̀gẹ́, 1½ fún kòkó, ìyókù fún akùrọ̀ àti igi etí odò. Bí kòkó bá fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà síra, ẹ óò nílò bíi 650. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú kó lè ṣíji bò ó. Ó tó ọdún 3 sí 4 kí kòkó tó so, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ń tó wà láàárín oṣù 12. Owó ẹ̀gẹ́ ni yóò máa san owó àwọn tó ń ro oko kòkó. (Kí ẹ̀gbọ́n yín má fojú tín-ín-rín ẹ̀gẹ́ o.)

Ebè gbọ́dọ̀ dábùú gẹ̀rẹ́ náà, ojú lásán kò sì lè wọ̀n ọ́n. Ẹ so igi méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7 pọ̀ lórí, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, ẹ fi igi kẹta dábùú wọn, kẹ́ ẹ wá so òkúta mọ́ okùn kó rọ̀ láti orí wọn kọjá ìdábùú náà. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì síbi tókùn bá kan lára ìdábùú. Ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sójú ibi kan náà, ẹ tún sàmì. Bókùn bá ti bọ́ sí agbedeméjì àmì méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ tó dọ́gba. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síwájú. Èèkàn wọ̀nyẹn ni ebè yóò tẹ̀lé.

Ní ti pùlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, ni wọ́n sábà máa ń gé. Bẹ́ ẹ bá sọ ìbú di ìlọ́po gígùn, mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 43,200 nínú 43,560 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin tó wà nínú éékà kan. Ẹni tó bá ní òun á gé mẹ́fà fún yín, ọ̀nà mọ́tò ló ń tà. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. Kí olórí ẹbí má sì dá tà á. Kóòtù lè fagi lé títà ilẹ̀ ẹbí tí àwọn àgbà ẹbí yòókù kò fọwọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá sì tà á, ẹ ṣe ọgbà sáàárín ilé àti oko, torí ewúrẹ́ àwọn tó bá kọ́lé síbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kórè ẹ̀gẹ́ yín.