Ìbéèrè Yín: Katapílà tí a fọwọ́ ṣe, apá ẹ̀ ò gbéra

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tí mo ti sọ níbí pé mo ń fi irin ṣe katapílà kékeré kan nílé mi ní Iléṣà, èyí tó ń fi ọ́ìlì walẹ̀ bíi ti gidi tí mo sì ń fi rìmóòtù darí ẹ̀, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró mọ́. Mẹ́ta ni mo mú lónìí. Mo mọ̀ pé excavator làwọn tó ń wà á ń pè é, àmọ́ katapílà la mọ gbogbo wọn sí nílé wa, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè é.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU ni wá ní Ilé-Ifẹ̀, àwa méjì la jọ ń ṣe katapílà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ojúlówó la ṣe é. Sìlíńdà kan, ìyẹn páìpù tí ọ́ìlì ń ti pístìn inú ẹ̀, ló ń gbé apá ẹ̀, pístìn 16mm, a so ó mọ́ ibi tó fi 6cm jìnnà sí píìnì ìdí apá, láti píìnì yẹn dé ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 80cm. Apá àti bọ́kẹ́ẹ̀tì pa pọ̀ jẹ́ kilo 7. Pọ́m̀pù power steering tòkunbọ̀ la lò, stáàtà ọ̀kadà ló ń yí i, bátìrì ọ̀kadà 12V 7Ah ló ń gbé e. Fáàfù tá a ṣe fúnra wa ń tú ọ́ìlì padà sí táǹkì tí prẹ́ṣọ̀ bá ti di 20 bar. Tá a bá tan án, stáàtà á máa kérora, apá á gbéra díẹ̀, á dúró, kò sì ní pẹ́ tí bátìrì á fi kú. Ṣé bátìrì ńlá ni ká rà ni?

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má tíì náwó kankan lórí bátìrì. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wọn nǹkan kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, torí mo kàn gbé bírò mo ṣírò ẹ̀ ni, mo sì rí ohun tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí apá. Pístìn 16mm, ojú ẹ̀ fẹ̀ tó 201mm². Tí prẹ́ṣọ̀ bá jẹ́ 20 bar, gbogbo 1mm² lórí ojú yẹn ń gba 2 newton, ìyẹn 402 newton, ká kúkú pè é ní kilo 41. Kilo 41 yìí ń ti apá níbi tó fi 6cm péré jìnnà sí píìnì, ẹ jẹ́ ká fi bó ṣe jìnnà sí píìnì sọ ọ́ di púpọ̀ ká lè fi wé ìwúwo apá: 41 lọ́nà 6 jẹ́ 246. Apá yín ńkọ́? Kilo 7, tá a bá ní àárín ìwúwo ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 35cm sí píìnì, 7 lọ́nà 35 jẹ́ 245. Ṣé ẹ rí i báyìí? 246 ló ń bá 245 jà! Gbogbo agbára sìlíńdà yín, orí apá òfìfo ló ń parí sí, ẹ̀kúnwọ́ yanrìn kan ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbéra díẹ̀ tó wá ń dúró, kódà tẹ́ ẹ bá gbé bátìrì tírélà sí i, bó ṣe máa dúró náà nìyẹn.

Ẹ lọ wo katapílà gidi níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe títì, sìlíńdà méjì ló ń gbé ìdí apá, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Ẹ̀yin náà ẹ fi ìkejì sí i, kẹ́ ẹ sì sún píìnì tó so sìlíńdà mọ́ apá síwájú dé 10cm. Kilo 82 lọ́nà 10 jẹ́ 820, ẹ yọ 245 ti apá fúnra ẹ̀ kúrò, ó ku 575, ẹ fi 80 pín in, ó lé díẹ̀ ní kilo 7 lẹ́nu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Yanrìn gidi nìyẹn. Àmọ́ o, bẹ́ ẹ bá ti sún píìnì, ọ̀pá sìlíńdà gbọ́dọ̀ máa yọ jù bó ṣe ń yọ lọ kí apá tó lè ga bíi ti tẹ́lẹ̀, tó bá ń yọ 60mm tẹ́lẹ̀, 100mm ló máa jẹ́ báyìí. Tí àyè ò bá wá gbà yín láti sún un, ẹ jẹ́ kí pístìn fẹ̀ sí i. Ti 20mm á fún yín ní kilo 64 lórí prẹ́ṣọ̀ kan náà, 4mm péré la fi kún un o. Blaise Pascal ará ilẹ̀ Faransé ti yẹ nǹkan yìí wò ní ohun tó lé ní 350 ọdún sẹ́yìn, pé prẹ́ṣọ̀ inú nǹkan olómi tá a sé mọ́ kì í ṣojúsàájú, bó ṣe ń ti ibi kan náà ló ń ti gbogbo ibi, ẹni tó bá wá gbé ojú tó fẹ̀ síwájú ẹ̀ ló máa rí agbára kó.

Ó wá ku pọ́m̀pù. Pọ́m̀pù power steering, ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, ó máa ń gbé nǹkan bíi 10cc lẹ́ẹ̀kan tó bá yí. Ká ní stáàtà ń yí i ní 1000 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 10 nìyẹn, lórí 20 bar ó ti lé ní 330 watt, a ò tíì ka èyí tí stáàtà ń sọ di ooru dànù. Kí lẹ fẹ́ fi lítà 10 ṣe? Sìlíńdà 16mm méjì tó ń yọ 100mm, 40cc ló ń mu, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí apá gòkè láàárín sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin, 600cc ní ìṣẹ́jú kan ni, ó kàn ju ọ̀rá pure water kan lọ díẹ̀. Watt 20 péré ni. Ìyókù, fáàfù yín ló ń dà á padà sí táǹkì, ooru ló sì ń dà, ẹ fọwọ́ kan táǹkì yẹn lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ máa rí i pé ó ti gbóná. Pọ́m̀pù jíà kékeré tó ń gbé 0.3cc, tí mọ́tò iná brushless ń yí ní 2000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti tó yín.

Fáàfù tẹ́ ẹ ṣe yẹn wú mi lórí gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ẹ̀ àfìgbà tí hóòsì bá bẹ́. Fún ẹ̀yin tó kù tẹ́ ẹ máa ṣe tiyín, bọ́ọ̀lù inú bíárì kan àti spírìǹgì ni, àmọ́ spírìǹgì bírò ò lè dá prẹ́ṣọ̀ yẹn dúró. Tí ihò tí bọ́ọ̀lù jókòó lé bá jẹ́ 4mm, kilo méjì àbọ̀ ni spírìǹgì ní láti fi tẹ̀ ẹ́ kó tó dúró de 20 bar. Èmi gbé spírìǹgì temi dúró lórí ìwọ̀n ìdáná, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí ìwọ̀n fi kà 2.5, mo wọn bó ṣe ga sí lákòókò yẹn, gíga yẹn ni mo sì fi bóòtù tì í mọ́ nínú fáàfù. Ìgbà tí mo so géèjì mọ́ ọn, ó ṣí ní 21 bar. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo pe ìyàwó mi láti kíṣìnnì kó wá wò ó.

Bọ̀ọ̀dá mi, wẹ́dà ni mí ní Iléṣà níbí, lọ́nà Ìsọ̀kùn. Sìlíńdà mẹ́ta ni mo ti ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jò. Páìpù onírin lásán ni mo lò, ọ̀pá irin tá a fi ń ṣe géètì ni mo fi ṣe ọ̀pá inú ẹ̀. Oríǹgì brake, rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ni mo rà, mo sì da ọ́ìlì gíà pupa sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí ò dáa? Kí ni mo sì lè fi ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi, ọ́ìlì pupa yẹn dáa, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀. Ọ́ìlì gíà ọ̀tọ́má ló wà lọ́wọ́ wa níbí, kò ki jù, pípọ́n ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kéèyàn tètè rí ibi tó ń jò. Rọ́bà yẹn ni ò bá a mu. Rọ́bà brake, ọ́ìlì brake nìkan ló mọ̀, tí ọ́ìlì míì bá ti kàn án, á máa wú ni. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń lò fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà, ọ́ìlì brake ló máa ń bà á jẹ́. Mo mọ èyí dáadáa, torí sìlíńdà àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ọ́ìlì brake ni mo dà sí i, mo rò pé níwọ̀n ìgbà tó lè dá mọ́tò dúró ó yẹ kó lè gbé apá. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí pístìn fi há. Mo tú u, oríǹgì tó kéré tó rùmú-rùmú nígbà tí mo fi sí i ti wú, ó rọ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú, mo fi èékánná kàn án, ó sì já. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oríǹgì, ẹ sọ fún wọn pé ti ọ́ìlì lẹ fẹ́, nitrile lorúkọ ẹ̀.

Páìpù yín ńkọ́, ẹ ti ìka bọ inú ẹ̀, ẹ máa rí ìlà kan tó yọ gòòlò láti orí dé ìdí, ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ní ilé iṣẹ́ nìyẹn. Kò sí oríǹgì tó máa gorí ìyẹn tí ò ní ya. Ẹ wá páìpù tí kò lójú ìjó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń yí léèsì gbẹ́ inú ẹ̀ kó dán. Ti ọ̀pá, irin géètì ò dán tó, ó sì máa ń dípẹtà, ìpẹtà yẹn ló ń fi rọ́bà yín họ bíi pépà síńkì. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń da àwọn fọ́tókọ́pì àti printer tó ti kú sí, àwọn ọ̀pá tó gún régé wà nínú wọn, 6mm, 8mm, wọ́n dán bíi dígí. Ọ̀pá tó ń gbé búùtù jíìpù sókè náà dáa, wọ́n fi kúróòmù bò ó, àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o: gáàsì tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ gan-an ló wà nínú ẹ̀, ẹ má fi iná jó o, ẹ má gbé dísìkì sí i, ó lè fò lu èèyàn. Èyí tó ti kú tí ò lè gbé búùtù mọ́ pàápàá, gáàsì lè ṣẹ́ kù nínú ẹ̀. Ti printer ni kẹ́ ẹ bá lọ.

Lílà tí oríǹgì máa jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Tí rọ́bà bá nípọn 2mm, kí lílà jìn ní 1.7mm sí 1.75mm, kó fẹ̀ tó 2.6mm. Ó gbọ́dọ̀ fún rọ́bà díẹ̀, tó bá fún un jù pístìn ò ní rìn, tí ò bá fún un tó, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ dúró ti oní-léèsì kó fi kálípà wọ̀n ọ́n lójú yín. Kó sì gé ẹnu páìpù ní gẹ̀ẹ́rẹ́, torí ẹnu tó mú ló ń gé rọ́bà nígbà tẹ́ ẹ bá ń tì í wọlé, ẹ sì fi ọ́ìlì pa á kẹ́ ẹ tó tì í. Lẹ́yìn náà ẹ gbé nǹkan tó wúwo kọ́ sìlíńdà lọ́rùn lálẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀pá, kẹ́ ẹ lọ̀ọ́sọ̀ tì í bí òṣómàáló ṣe ń lọ̀ọ́sọ̀ de ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Tí àmì ò bá kúrò lójú ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ ti ṣe é nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ò le tó yẹn. Mọ́tò wáípà méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Jíà inú ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí i padà, tí katapílà bá dúró lórí òkè, á dúró ṣinṣin. Ṣéènì ọ̀kadà 428, tí ojú kọ̀ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ 12.7mm, lẹ máa jó pátákó irin mọ́. Ẹ má ṣe é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o: tẹ́ ẹ bá ṣe ìdá kan nínú mẹ́jọ katapílà tọ́ọ̀nù 22, 8 lọ́nà 8 lọ́nà 8 jẹ́ 512, ìwúwo ẹ̀ á máa lọ sí kilo 43. Ẹsẹ̀ ló máa ru gbogbo ẹ̀.

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni mí ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ṣe irú nǹkan tẹ́ ẹ ń kọ yìí, gbogbo owó ẹ̀ ló ń bá a lọ. Mi ò kọ̀ ọ́ fún un, àmọ́ bátìrì kan tó rọ̀ lára ti wú bíi búrẹ́dì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ṣé kò léwu?

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó léwu gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dúró di ọ̀la. Bátìrì LiPo lorúkọ ẹ̀, ó ń gbé iná tó pọ̀ lára nǹkan kékeré, tó bá sì gbaná kì í ṣeé fi omi pa wẹ́rẹ́. Kí ọmọ yín má tún ṣáàjì ẹ̀ mọ́, kó má gún un, kó má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sílẹ̀. Kó rọra gbé e sínú garawa irin tó ní yanrìn nínú, kó gbé garawa yẹn síta gbangba, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti epo.

Àwọn tó kù tí kò tíì wú, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú bátìrì ò gbọ́dọ̀ kọjá 4.2V tó bá ń ṣáàjì, kò sì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 3V lọ tó bá ń lò ó, àlòtán wà lára ohun tó máa ń jẹ́ kó wú. Ṣájà tó ń pín iná dọ́gba fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kó rà, kó má so ó mọ́ iná kó wá lọ sùn. Ohun tó ń kọ́ ò ṣòfò, màmá. Àwọn katapílà tó ń wa góòlù ní agbègbè Àtakúnmọ̀sà, ọ́ìlì àti sìlíńdà kan náà ló ń gbé apá wọn, ẹni tó lè tún un ṣe ò sì pọ̀ nílùú. Àmọ́ kó gbé bátìrì kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lónìí.