Ta Ni Ó Ń San Owó fún Dókítà Ẹbí Wa ní Ìlú Ọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Kí a tó rí físà gbà, owó ńlá ni a san fún ètò ìlera, mo sì gbà pé ọ̀dọ̀ dókítà wa ni owó náà ń lọ. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fínra, nítorí náà mo máa ń lọ sí ilé ìwòsàn lemọ́lemọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dín lílọ kù, pé mo ń jẹ owó wọn run. Òmíràn ní bí mo bá ṣe ń lọ tó ni owó tí wọ́n ń rí lórí mi ṣe ń pọ̀ tó. Èwo ni ká gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa, Ọlọ́run yóò fún yín ní àlàáfíà. Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì ni wọ́n ṣì í.

Ilé ìwòsàn dókítà ẹbí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GP, kì í sábà jẹ́ ti ìjọba. Nígbà tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ní ìlú ọba, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, lábẹ́ Aneurin Bevan tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, àwọn dókítà wọ̀nyí kò fẹ́ di ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ara wọn, kí wọ́n sì máa bá ìjọba ṣe àdéhùn iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣì rí ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn adúgbò títí di òní: àwọn dókítà díẹ̀ ni ó jọ ni ilé ìwòsàn, NHS sì ń san owó tí àdéhùn là sílẹ̀ fún wọn.

Orí orúkọ tí ó wà nínú ìwé wọn ni wọ́n ti ń ṣírò èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, ó lé díẹ̀ ní £120 lórí orúkọ kan fún odidi ọdún. Ì báà jẹ́ pé ẹ kò yọjú sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, ì báà sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ ń lọ, iye yẹn kò ní tìtorí rẹ̀ yí padà. Ẹni tí ó bá ti lo ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà yóò mọ̀ ọ́n, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn tí ó yàn níbẹ̀ ṣe ń gba owó lórí orúkọ rẹ̀ lóṣooṣù, yálà ara rẹ̀ yá tàbí kò yá.

Inú owó orúkọ yìí ni wọ́n ti ń san owó oṣù nọ́ọ̀sì, ti àwọn dókítà tí a gbà síṣẹ́, àti ti àwọn tí ń gbé fóònù ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tí gbogbo adúgbò bá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ náà ni owó iná ti ń jáde. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó ni àwọn dókítà tí ó ni ilé ìwòsàn ń pín. NHS a máa ran wọ́n lọ́wọ́ lọ́tọ̀ lórí owó ilé. Láti ọdún 2019, owó mìíràn sì wà tí a fi ń gba àwọn apòògùn àti irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn tí ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àgbègbè kan.

Orúkọ kan kò wúwo bí èkejì, ṣá o. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń lo ìlànà ìṣirò kan tí a ń pè ní Carr-Hill, èyí tí ó ń wo ọjọ́ orí ènìyàn, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, bóyá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó ń gbé, bí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ikú ṣe pọ̀ tó ní àgbègbè rẹ̀, àti bóyá ìgbèríko ni. Arúgbó ẹni ọdún 85 yóò wúwo ju ẹnì kan lọ nínú ìṣirò yìí. Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 25 kò ní tó ẹnì kan.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Ìṣirò yìí mọ arúgbó, ṣùgbọ́n kò mọ òṣì dáadáa. Ní àdúgbò àwọn tálákà, ènìyàn a ti máa ní àìsàn àgbà kí ó tó dàgbà: obìnrin ẹni ọdún 45 tí ń ṣiṣẹ́ òru, tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí orúnkún sì ń dùn ún, gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níwájú dókítà. Nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, owó tí ó bá a wá kò tó iṣẹ́ tí ó wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ń gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn yóò tún ìlànà náà yẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ jù.

Owó kejì wà tí ó kàn yín gan-an, ìyá wa. QOF ni wọ́n ń pè é. Máàkì ni ilé ìwòsàn ń gbà níbẹ̀, máàkì sì ń di owó. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn aláìsàn wọn bá wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ kò sì ga jù, wọn yóò rí owó sí i. Bí àwọn ènìyàn bá ń sá fún àyẹ̀wò, wọn yóò pàdánù rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ránṣẹ́ pè yín pé kí ẹ wá fa ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè lọ. Ẹ kò jẹ owó ẹnikẹ́ni run.

Ní ti owó tí ẹ san pẹ̀lú físà, láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni ó ti di £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, àti £776 fún ọmọdé àti akẹ́kọ̀ọ́. NHS lápapọ̀ ni ó wà fún, kò sí ohun tí ó ń mú un lọ tààrà sọ́dọ̀ dókítà yín. Owó orí tí gbogbo ará ìlú ń san, títí kan èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín, ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìnáwó náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé a lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìwé ìdánimọ̀ tàbí ẹ̀rí ibi tí à ń gbé. Wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn lé ènìyàn padà.

Ìbéèrè: Mo bẹ dókítà mi pé kí ó kọ lẹ́tà fún mi nípa ìrìn àjò, wọ́n sì ní kí n sanwó. Ṣé ọ̀fẹ́ kọ́ ni NHS ni? (Òǹkàwé kan ní Manchester.)

Ìdáhùn: Ìtọ́jú ni ọ̀fẹ́. Lẹ́tà fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò kò sí nínú àdéhùn wọn pẹ̀lú NHS, wọ́n sì lè bu owó lé e, tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó ní kí wọ́n kọ ọ́. Ìwé ìsinmi àìsàn tí ẹ ó fún ọ̀gá yín lẹ́yìn ọjọ́ méje kò gba owó.

Ìbéèrè: Mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti padà sí Abẹ́òkúta. Ṣé orúkọ mi lè wà lọ́dọ̀ dókítà mi ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ìdáhùn: Kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, bàbá wa. Ẹni tí ó bá fi ìlú ọba sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó yẹ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé owó yóò máa wọlé lórí yín nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Kí ẹ sì tọrọ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín àti orúkọ àwọn oògùn tí ẹ ń lò, kí ẹ lè fi han dókítà tí yóò máa tọ́jú yín ní Abẹ́òkúta. Wọn kì í gba owó fún un.