Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ẹwà Orí Tábìlì DJ

Ìrísí ohun èlò ni gbogbo lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lé: sítíkà, iná, àwọ̀. Ti Lafiaji ló nílò àlàyé jù, nítorí náà òun la fi ṣíwájú.

Mo fẹ́ fi àdìrẹ bo kọntúrólà mi

*Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin olóòtú. DDJ-FLX4 dúdú, kọntúrólà tí mo fi ń darí orin orí kọ̀ǹpútà, ni mò ń lò, ó sì jọ ti gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ kí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú bá mi tẹ àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí n ó fi bo gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní màá ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé, Lafiaji)*

Ẹ̀rọ náà kò ní bàjẹ́ bí ẹ bá fara balẹ̀ ṣe é. Bíbo gbogbo ojú rẹ̀ ni a ò fọwọ́ sí. Ilà funfun lórí aró ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Funfun náà sì ni ilà kékeré tó ń fi ibi tí nọ́bù (bọ́tìnì tí ẹ ń yí) kọjú sí hàn. Bí funfun bá pàdé funfun ní aago méjì òru, tí iná ń ṣẹ́jú, ẹ ò ní mọ̀ bóyá báàsì wà láàárín tàbí ẹ ti gé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwòrán náà wà ní etí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti yíká àwo tí ẹ fi ń yí orin. Láàárín, níbi tí míksà (ibi tí ẹ ti ń po orin pọ̀) wà, ẹ lo àwọ̀ aró lásán, kí atẹ̀wé tún HI (ohùn òkè), MID (àárín) àti LOW (báàsì) kọ sí i ní funfun. Ó máa lẹ́wà ju èyí tí ẹ ní lọ́kàn lọ, nítorí ojú á rí ibi tó ti máa sinmi.

Ẹ sọ fún atẹ̀wé pé SAV (ike fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn) ni ẹ fẹ́, pẹ̀lú laminéṣọ̀n tí kì í dán. Èyí tó ń dán máa ń da iná padà sí yín lójú. SAV tó wọ́pọ̀, tó sì pọ́ọ́kú, máa ń sún kì bí ooru bá mú un: etí rẹ̀ á ká, gọ́ọ̀mù á yọ síta, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní cast fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó wọ́n jù ú lọ, kì í sì í sún bẹ́ẹ̀. Bí kọntúrólà yín bá máa ń sun inú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án, cast ni kí ẹ rà.

Ẹ ya fótò ojú ẹ̀rọ náà kí ẹ lè rántí ipò nọ́bù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó yọ wọ́n. Òkè tààrà ni kí ẹ fà wọ́n sí. Èyí tó bá le, ẹ fi okùn bàtà kọ́ ọ lábẹ́, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi irin kankan gbún un, torí á ha ike náà, ọ̀pá inú rẹ̀ sì lè dá. Ẹ wá tẹ́ bébà lé e, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù ha orí rẹ̀ títí gbogbo ihò á fi yọ. Ẹ̀rọ yìí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 48, kò lè wọ sikánà A4, nítorí náà bébà tí ẹ ha yẹn ni ayàwòrán á fi ṣiṣẹ́. Kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán, ní ìwọ̀n gan-an, kí ẹ gbé e lé ojú ẹ̀rọ wò. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń tẹ sítíkà lẹ́ẹ̀mejì.

Ihò nọ́bù, ẹ fi mílímítà 1 kún un yíká. Ọ̀nà fédà (bọ́tìnì tí ẹ ń tì síwá-sẹ́yìn), mílímítà 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí etí sítíkà bá yọ sínú ọ̀nà fédà, fédà á máa wọ́ bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹ má bo páàdì (bọ́tìnì onírọ́bà tó ń tàn, tí ẹ ń fi ìka tẹ̀), ẹ má bo iná tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn. Orí àwo yíyí ní tirẹ̀, ìfọwọ́kàn ló fi ń mọ̀ pé ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Sítíkà fẹ́lẹ́ kò ní dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn, tàbí tó dà bíi bébà fàdákà inú páálí sìgá, lè mú kó máa ṣe ségesège.

Ẹ fi sípírítì nu ojú ẹ̀rọ, kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má lo omi ọṣẹ bí àwọn tó ń lẹ sítíkà mọ́tò, torí á ṣàn wọ inú fédà. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi káàdì ATM àtijọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí. Kó lo wákàtí 24 kí ẹ tó gbé e lọ òde.

Iná tábìlì mi ń kùn nínú sípíkà

*Mo fi iná LED aláwọ̀ oríṣiríṣi yí iwájú tábìlì mi ká, mítà 5, adápútà 12V 5A. Bí mo bá tan funfun, ìparí rẹ̀ máa ń pọ́n. Sípíkà náà sì ti ń kùn. (Òǹkàwé, Súrùlérè)*

Agbára adápútà yẹn kò tó. LED 5050 tó ní gílóòbù 60 lórí mítà kan máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 14.4 lórí mítà kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá tan funfun pátápátá. Mítà 5 ti di wáàtì 72, wáàtì 60 péré (12V lọ́nà 5A) sì ni tiyín lè gbé. Ẹ ra 12V 10A. Pípọ́n tó ń pọ́n, iná ló ń rẹ̀ kó tó dé ìparí: àwọ̀ búlúù àti ewé nílò agbára ju pupa lọ, nítorí náà àwọn ló kọ́kọ́ ń kú, pupa á sì ṣẹ́kù. Ẹ fa wáyà kejì láti adápútà kan náà lọ sí ìparí okùn iná náà, kí iná máa wọlé látorí méjèèjì.

Ní ti kíkùn, ẹ yọ adápútà LED lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá dákẹ́, òun ni. Ẹ gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí wáyà rẹ̀ má bá wáyà ohùn rìn pọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Bí ó bá ṣì ń kùn, ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà yín wà lórí íńfátà tí sípíkà wà lórí jẹnẹrétọ̀. Orísun kan ni kí gbogbo ohun èlò ohùn ti máa mu iná.

Ẹ má sì jẹ́ kí pupa tàn sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Lábẹ́ iná pupa, páàdì pupa àti páàdì ọsàn kò ní ìyàtọ̀ mọ́.

Kí nìdí tí àwo fi ṣì rí róbótó?

*Fáìlì la ń lò báyìí, kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́. Kí ni àwo ńlá yẹn ń ṣe lórí ẹ̀rọ? (Òǹkàwé, Àgége)*

Ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Technics gbé SL-1200, ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, jáde ní 1972; nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ MK2 dé ní 1979, fédà tó ń yí eré orin padà ti wà lápá ọ̀tún. CDJ-1000 ti Pioneer gbé àwo ńlá náà sórí ẹ̀rọ CD ní 2001. CDJ-3000, àbúrò rẹ̀ tó jáde ní 2020, ní ojú tó fẹ̀ tó íǹṣì 9, síbẹ̀ bọ́tìnì PLAY aláwọ̀ ewé àti CUE aláwọ̀ ọsàn ṣì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, fédà eré ṣì wà lọ́tùn-ún. DJ tó bá dé ilé ijó tí kò dé rí lè nawọ́ nínú òkùnkùn, kó sì bá ohun tó ń wá.

Àwọ̀ orin ṣì mí lọ́nà

*Serato, ètò DJ orí kọ̀ǹpútà, ni mò ń lò nílé. Mo dé ìdí CDJ-3000 ní òde kan, mi ò mọ ibi tí báàsì wà mọ́ nínú àwòrán orin tó ń hàn lójú rẹ̀. (Òǹkàwé, Yábàá)*

Nínú Serato, pupa ni báàsì, ewé ni àárín, búlúù ni ohùn òkè. Nínú 3Band, àwọ̀ mẹ́ta tí rekordbox (ètò tó ń bá CDJ-3000 ṣiṣẹ́) fi ń ya orin, tó sì ń hàn lójú CDJ-3000 náà, búlúù ni báàsì, ọsàn ni àárín, funfun ni ohùn òkè. Búlúù tí ojú yín mọ̀ sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti di ìlù ńlá nìyẹn. Ẹ fi rekordbox sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ máa fi 3Band wo orin tí ẹ mọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá sì ń ṣeré lọ́sàn-án lábẹ́ kánópì, Day Mode wà nínú Serato DJ Pro. Ẹ tàn án, ẹ ó rí ojú kọ̀ǹpútà kedere.

Ojú ẹ̀rọ mi ń lẹ̀ bí oyin

*Mi ò da nǹkan kan sí i. Inú báàgì ló wà láti ọdún tó kọjá. (Òǹkàwé, Mushin)*

Ọ̀dà rírọ̀ bíi rọ́bà ni wọ́n fi kun ún, kí ó lè rọ ọwọ́ lọ́rùn. Ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó ló ti tú u. Kò lè padà sípò mọ́, kí ẹ kúkú bó o kúrò. Ẹ yọ wáyà, ẹ fi sípírítì díẹ̀ sórí aṣọ òwú, kí ẹ máa nù ún níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ bó bá ti dúdú. Ẹ má fi tínà tàbí epo bẹntiróòlù kàn án, ike abẹ́ rẹ̀ á yọ́. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí ọ̀dà náà lè bá a lọ, nítorí náà fótò ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Bí ẹ bá parí, ẹ má dì í sínú ọ̀rá mọ́. Ẹ kó àpò kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó máa ń wà nínú páálí bàtà, èyí tó ń fa omi, sínú àpótí rẹ̀.