Ìyá Tóbi, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ilé-ìwé ní Texas

Ẹ káàbọ̀ sí Texas, Ìyá Tóbi. Ẹ ní ẹ ń wá ilé tí ẹ máa gbà, pé ISD kan (àjọ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba àdúgbò) ní ọlọ́pàá tirẹ̀, èkejì ń lo àwọn dẹ́pútì sheriff, ìyẹn àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá agbófinró county, èwo ló láàbò jù fún ọmọ? Ẹ gbọ́ o, láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni òfin HB 3 ti pàṣẹ pé kí agbófinró tó gbé ìbọn wà ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba níbí. Ibi yòówù kí ẹ kó lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá wọn níbẹ̀.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn ààbò á sọ fún yín pé ọlọ́pàá tí ISD dá sílẹ̀ mọ ọmọ, ó mọ ilé. Uvalde ńkọ́? ISD ibẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2022, ẹnìkan gbé ìbọn wọ Robb Elementary, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀; agbófinró 376 ló dé, ìṣẹ́jú 77 kọjá kí wọ́n tó kojú apànìyàn náà. Ọmọ 19 àti tíṣà 2 ló kú. Ilẹ̀kùn ìta tó gbà wọlé, wọ́n ti pa á dé, kò kàn tì ni. Tí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ dáadáa kí ẹ tó béèrè iye ọlọ́pàá. (Ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì o, kí wọ́n má baà pe ọlọ́pàá sí ẹ̀yin gan-an.)

Ọjọ́ tí wọ́n bá pe ọmọ yín jáde ní kíláàsì ni kí ẹ máa múra dè. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14 nígbà náà, ya fọ́tò ìbọn oníke àbúrò rẹ̀, ó gbé e sí Snapchat, ẹnìkan fi í ránṣẹ́ sí pírínsípà. Igbákejì pírínsípà àti ọlọ́pàá ilé-ìwé ti ara wọn mọ́ yàrá pẹ̀lú ọmọ, wọ́n ní kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé kò gbọdọ̀ já àgbà lẹ́nu! “Yes sir, yes sir” ló ń wí, ohun tí wọ́n bá ti fi sí i lẹ́nu ló ń kọ. Ìgbà tó fọwọ́ sí i tán ni wọ́n tó pè mí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé náà. Igbákejì pírínsípà ní ó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, àṣírí ni, kí n kọ̀wé. Mo kọ̀wé, wọ́n ní kí n lọ bi ilé-ìwé. Wọ́n ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù. Obìnrin kan tilẹ̀ bi mí bóyá mo nílò ògbufọ̀, èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́! Ohun tí kò sẹ́ni tó là mí lóye nínú wọn ni pé FERPA, òfin 1974 tó fún òbí láṣẹ láti rí fáìlì ọmọ, yọ ìwé tí ọlọ́pàá ilé-ìwé bá kọ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdílé ti Texas fún òbí láyè láti wo ìwé ọlọ́pàá tó jẹ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ta ló sọ fún mi? Lọ́yà, ó sì gba owó tí mo fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì. Kí n tó rí ìwé náà, ọmọ mi ti wà ní DAEP, ilé-ìwé ìjìyà, tí wọ́n ń tú báàgì rẹ̀ láràárọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́ Tóbi lónìí: “Mo fẹ́ kí màmá mi wà níbí.” Kó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó sì dákẹ́. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà sọ ní 2011, nínú ẹjọ́ ọmọ ọdún 13 kan ní North Carolina tí ọlọ́pàá bi léèrè ọ̀rọ̀ nílé-ìwé, pé ó yẹ kí ọlọ́pàá fi ọjọ́ orí ọmọ ṣe òṣùwọ̀n bóyá ó lómìnira àtijáde. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú: ṣé ìbáwí ilé-ìwé ni ẹ pe ọmọ mi sí, àbí ẹ̀sùn ọ̀daràn? Òfin Texas kò gbà kí ọlọ́pàá ilé-ìwé máa ṣe iṣẹ́ ìbáwí ojoojúmọ́. Ìmeèlì ni kí ẹ fi béèrè ohun gbogbo, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Tí ọmọ bá ní IEP, ìwé ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ọmọ tó ní ìpèníjà, ẹ ní kí wọ́n ṣe ìpàdé ARD, ìpàdé òbí àti ilé-ìwé lórí ètò náà.

Ẹ̀ẹ́n, ọ̀rọ̀ ilé. Tí ISD bá ní ọlọ́pàá tirẹ̀, òfin fi ọ̀gá wọn sábẹ́ superintendent, ọ̀gá àgbà ISD, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bá jà, ẹ sì lè lọ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ISD. Dẹ́pútì, sheriff ló ni ín. Ẹ ní kí ISD fi ìwé àdéhùn òun àti sheriff hàn yín. Èmi á gba ti àkọ́kọ́, tìjàtìjà bó ti wù kó rí.

Ẹ ò sọ ọjọ́ orí Tóbi. Tó bá ti ń súnmọ́ 17, ẹ tètè kọ̀wé padà, nítorí àgbàlagbà ni òfin ọ̀daràn Texas ń ka ọmọ ọdún 17 sí, ohun tí mo sọ nípa ìwé ọlọ́pàá yẹn kì í ṣe bákan náà mọ́.